Ògiri Tó Fẹ̀yìn Ti Òkè

Ní Kufr Sarin, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ láì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Abu Mutasim. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ o. Awakọ̀ ọkọ̀ epo ni ní Kuwéètì kí ogun tó lé gbogbo wọn wálé, orí ilé tirẹ̀ nìkan ló sì ti bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe tí ọmọ aráyé lè ṣe lórí ilé, Abu Mutasim ti ṣe é tán, ojú rẹ̀ sì ti rí i, ni àwọn ará ìlú bá sọ ọ́ di olùkọ́ tipátipá.

Abẹ́ igi àjàrà iwájú ilé ló máa ń jókòó sí. Á ní kí wọ́n gbé tíì wá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù ilé rẹ̀ fún àlejò bí ẹni ń ki oríkì. Á ní kí wọ́n má fi balùwẹ̀ sórí pálọ̀ àlejò láéláé. Ọjọ́ táwọn àgbà wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó, olórí wọn gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó ní ẹnu òun ò ní kàn án àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún àwọn lọ́mọ. Ibi tó ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni omi balùwẹ̀ òkè ti jò, tó ń kán sínú kọfí náà, tó, tó, tó, títí ife fi kún dẹ́nu. Wọ́n fún wọn lọ́mọ, àmọ́ bàbá yẹn kò mu kọfí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí.

Á ní kí wọ́n má ṣí fèrèsé ńlá sí ìwọ̀ oòrùn, torí pé tó bá ti di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ni èèyàn ń yan bí àgbàdo ní pálọ̀ tòun. Á ní kí wọ́n má jẹ́ kí àtẹ̀gùn ga jù, nítorí ọ̀dọ́ ló ń kọ́lé, arúgbó ló ń gbé inú ẹ̀. Ọ̀pá irin tó yọrí sókè lórí òrùlé, tó ń dúró de àjà tí wọn ò tíì kọ́, kí wọ́n wá nǹkan fi dé e lórí, torí òjò ń jẹ irin. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á tún gba tíì kejì.

Èyí tó máa ń fi kádìí ni ti ògiri. Ìlú orí òkè ni Kufr Sarin, kò sílé tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò wọnú òkè. Abu Mutasim á ní ògiri tó bá fẹ̀yìn ti òkè, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sí i lẹ́yìn, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ padà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé níbo ló ti kọ́ ìyẹn, á ní ògiri ló kọ́ òun, á sì ké sí ìyàwó rẹ̀ pé tíì dà. Ummu Mutasim, ìyá àwọn ọmọ rẹ̀, kì í dáhùn tó bá ti débẹ̀. Á dìde, á wọlé lọ ní tirẹ̀.

Ilé náà kò kéré. Òkúta funfun ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ lára láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ń dán lójú òkè débi pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá Irbid á ti rí i kó tó rí mọ́sálásí. Tọkọtaya arúgbó yìí ń gbé àjà àkọ́kọ́. Àjà kejì jẹ́ ti Mutasim, tó wà ní Abu Dabi. Àjà kẹta jẹ́ ti Wasfi, tó fẹ́yàwó sí Jámánì. Àwọn ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán lórí òrùlé, àjà Aiham ni wọ́n ń dúró dè, ìyẹn àbíkẹ́yìn, tó ń gbé Kánádà tí kò tiẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn: bàbá gidi a máa kọ́lé sórí ilé, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, àjà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ òkun ló wà láàárín àwọn ọmọ àti àjà wọn, àjà ṣì ń jẹ́ tiwọn. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ummu Mutasim ń fi orókùn tó ń dùn ún gun òkè, á ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, á nu eruku, á sì ṣí omi ẹ̀rọ kó ṣàn díẹ̀, nítorí páìpù tí kò bá rí omi a máa rùn. Àwọn ọmọkùnrin wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń ráhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ò yára. Látìgbà náà, fóònù ni wọ́n fi ń kí ilé.

Lẹ́yìn tí òjò ọdún yìí dáwọ́ dúró, ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Muhannad wá bá Abu Mutasim lábẹ́ igi àjàrà. Ọmọ ìlú ni, kò sì jókòó dáadáa kó tó ní ògiri ẹ̀yìn lòun tìtorí ẹ̀ wá, òun ò fẹ́ gbọ́ ti kọfí àti balùwẹ̀. Inú Abu Mutasim dùn pé wọ́n bọ́ sójú ọ̀rọ̀ gan-an. Ó fi ìka ya ògiri sórí tábìlì, ó ṣàlàyé ọ̀dà, ó ṣàlàyé òkúta wẹ́wẹ́, ó ní kó má gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin náà ń gbọ́, ó ń mi orí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dìde ni arúgbó yìí tó rántí béèrè pé ilé ta ni.

Muhannad wo inú ife rẹ̀. “Ti Tíṣà Inṣira ni, Bàbá. Àwọn ló ní kí n wá bi yín. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ògiri yẹn tó yín.”

Ọmọkùnrin náà dúpẹ́, ó kí Ummu Mutasim lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inṣira ni ọmọ Abu Mutasim obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Òun gan-an ni àkọ́bí. Ó ti tó ọmọ tó ń ṣeré kiri kí wọ́n tó bí Mutasim, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa orúkọ ọmọkùnrin ni bàbá ń jẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe ọkùnrin tó bímọ ọkùnrin mẹ́ta ní Abu Inṣira. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, ọmọ ilé ìwé ni ọmọbìnrin yìí. Kankéré tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ń fẹ́ omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà là, ta ló ń fún un? Inṣira ni. Á wọ rọ́bà omi gun òkè pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, á bomi rin àjà kejì, á bomi rin àjà kẹta, kó tó sáré lọ sí kíláàsì. Àwọn tí àjà jẹ́ tiwọn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé fóòmàn àwọn ti dé, òun náà á sì fi ọwọ́ tẹ kankéré wò bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ó lọ sílé ọkọ, ó bí Yazan, ó bí Salma, ó ń ṣe tíṣà. Àyà gún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ilé àwọn àna rẹ̀ kún fọ́fọ́, ṣe ni wọ́n ń fara ha kọjá lára ara wọn. Bí ọjọ́ opó rẹ̀ ti pé, ó wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun àtàwọn ọmọ wà ní àjà Mutasim títí òun yóò fi rí ọ̀nà gbé e gbà.

Ọ̀rọ̀ tí Abu Mutasim sọ lọ́jọ́ náà, ẹyin ni ó jẹ́, ó balẹ̀, ó fọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣa á. Ó ní, “Ọmọbìnrin kì í ní àjà nílé bàbá ẹ̀. Ilé ọkọ ẹ nilé ẹ. Tí Mutasim bá dé lọ́la ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi ní kó o jáde?”

Ìyá rẹ̀ ní kí ọkọ òun pe Mutasim lórí fóònù kó bi í. Abu Mutasim ní kò nílò kí òun bi í, òun mọ ohun tí ọmọkùnrin òun máa wí, kò sì yẹ kí bàbá fi ìtìjú gba ohun ọmọ lọ́wọ́ ọmọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹnu aráyé ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń rò ó pé wọ́n á ní ọmọbìnrin ló kó sílé Abu Mutasim, ó jọ pé àwọn ọkùnrin ò ní í padà wá mọ́.

Yàrá ìsàlẹ̀ ló fún un, èyí tó wọnú òkè, níbi tí wọ́n ń kó agolo òróró ólífì sí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ìwàǹwára àjà àwọn ọmọkùnrin ń ṣe é, kò dúró kun ògiri rẹ̀. Òjò ọdún náà pọ̀. Omi inú òkè wọ ògiri, ògiri dúdú, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ibùsùn pàápàá tutù. Yazan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní òtútù ni, wọ́n fún un ní tíì oníewé, wọ́n fi òróró pa á láyà. Ìgbà tó yá, mímí gan-an di iṣẹ́ fún un, èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa gbà á. Àjà méjì tó gbẹ táútáú wà lókè orí rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Dókítà ní ikọ́ fée ni, kí wọ́n mú ọmọ kúrò níbi tó ń sùn. Ummu Mutasim já kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inṣira kò jà, kò sunkún lójú wọn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó háyà yàrá méjì lẹ́bàá ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún dé, ó ń wá kí wọn. Kì í bá ìyá rẹ̀ wọ kíṣìnnì mọ́. Pálọ̀ àlejò ló ń jókòó sí, pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀ lórí itan, á mu kọfí rẹ̀ tán, á ní Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, á sì máa lọ. Ìyẹn ló dun Abu Mutasim jù. Ì bá bú u, ara ì bá tù ú.

Nígbà tí Muhannad lọ tán, ó wọlé bá ìyàwó rẹ̀, ó bi í bóyá ó mọ̀ pé Inṣira ń kọ́lé. Ummu Mutasim ní òun mọ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ó ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ilé ìwé ni, àti pé ìyá ni wọ́n máa ń sọ irú ẹ̀ fún. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́ńtì lórí àtẹ nígbà tó ń sọ ọ́, kò gbójú sókè.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọkùnrin náà tó mú ọkàn le. Ó já kọ́kọ́rọ́ àjà kejì lórí ìṣó, ó fi í sápò, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì rọra ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ilé Inṣira kò ju ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan lọ, wọn ò tíì da orí rẹ̀. Inṣira ń bá bíríkìlà kan wí nítorí ẹnu ọ̀nà tó wọ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ǹtì. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ ó sì gbé e kan iwájú orí bó ṣe yẹ, ó gbé agolo ọ̀dà kan dojú dé kí ó lè jókòó.

Abu Mutasim kò jókòó. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gbà lọ, síbi ògiri tó kọjú sí òkè. Ó fi ọ̀pá gbá a, ó fi èékánná họ ọ́. Wọ́n ti kùn ún. Ó ń wá ibi tí ọ̀dà ò dé, kò rí. Ó ní kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Inṣira ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kùn ún.

Ìgbà náà ló fà á wọ kọ̀rọ̀ kan, ó mú kọ́kọ́rọ́ yọ.

“Gbà,” ó wí. “Ti àjà kejì ni. Kó àwọn ọmọ ẹ síbẹ̀. Kí lo tún ń fìyà jẹ ara ẹ sí?”

Inṣira wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò gbà á. “Bàbá, ìgbà tí mo tọrọ ẹ̀, Yazan ò tíì lè so okùn bàtà ẹ̀. Ó ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.”

“Mo mọ̀.”

“Ó ṣì ń gbé oògùn tó ń fà símú sápò kiri yunifásítì.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é. Kò dáa, mo sì mọ̀ pé kò dáa látọjọ́ náà. Foríjì mí.”

Bàbá kì í sábà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà mi Inṣira. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ǹtì sì ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́.

“Mo ti foríjì yín tipẹ́,” ó wí. “Bí mi ò bá foríjì yín, mi ò ní rán Muhannad sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ibẹ̀ mọ́, Bàbá. Ibi tẹ́nì kankan ò ti lè ní kí n jáde ni mo fẹ́ sùn sí.”

“Ta ló fẹ́ ní kó o jáde?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ní tí Mutasim bá dé lọ́la ńkọ́.”

Arúgbó náà dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Inṣira mú un lọ́wọ́, ó ń mú un yí ilé náà ká. Yàrá Salma rèé, yàrá Yazan rèé, bákan náà ni wọ́n tóbi, ó ti fi okùn wọn èyí wọn tọ̀hún. Ó ní bóyá Salma lọ́kọ o, bóyá kò lọ́kọ o, bó jáde, bó padà wá, ibẹ̀ ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé yàrá kan tó kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan láti ojú ọ̀nà títí débẹ̀. Ó ní tiwọn nìyẹn, òun àti Màmá.

Abu Mutasim dúró láàárín yàrá tí kò tíì lórí. Ó bojú wòkè, sánmọ̀ ló rí. Ọkùnrin tó bí ọmọkùnrin mẹ́ta, tó kọ́lé tí wọ́n ń rí láti Irbid, kó wá lọ máa sùn lọ́dọ̀ ọmọbìnrin? Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ ire wọ̀ ọ́. Ó ní òun àti ìyàwó òun nílé tiwọn. Inṣira kò bá a jiyàn.

Wọ́n parí ilé náà nígbà tí wọ́n ká ólífì tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abu Mutasim dé láti mọ́sálásí, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, tó tẹ́ aṣọ òtútù sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń di wọ́n ní ìdì ìdì. Ó bi í pé kí lèyí.

“Ọ̀dọ̀ Inṣira ni mò ń lọ,” Ummu Mutasim wí. “Orókùn mi ò gbé àtẹ̀gùn mọ́, ọkàn mi gan-an ò gbé e mọ́. Ẹ̀yin náà ní bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Tẹ́ ò bá sì fẹ́, ẹ jókòó, ẹ máa ṣọ́lé fáwọn ọkùnrin yín.”

“Kí laráyé máa wí?”

“Aráyé ti wí i tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́. Wọ́n ní Abu Mutasim kọ́lé fún kọ́kọ́rọ́.”

Àwọn méjèèjì ti ń gbé pọ̀ látìgbà tí irun wọn ṣì dúdú, Abu Mutasim kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì wò ó lójú, ó kàn ń di ẹrù rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà bọ́ sí pálọ̀. Ìbẹ̀rù mú un, ìbẹ̀rù gidi, ó rí ara rẹ̀ lóun nìkan láàárín gbogbo òkúta funfun yẹn. Ó rò ó pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè bá òun dá a dúró. Ó gbé fóònù, ó pe Mutasim.

Mutasim gbé e kíá, ó ń kí i, ó ń béèrè àlàáfíà, ojú rẹ̀ hàn gàgàrà lórí fóònù náà, ó ti ń húwú. Abu Mutasim rojọ́ fún un. Ó ní kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sọ fún un pé òun ń bọ̀ wálé, ì báà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìyá lè fọkàn balẹ̀ sílé.

Ọmọ náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé irọ́ ni òun máa pa bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀. Iléewé àwọn ọmọ òun wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìyàwó òun wà níbẹ̀. Ó ní kí Bàbá tẹ̀ lé Màmá lọ, kí wọ́n jọ wà níbi tí ọwọ́ èèyàn á ti máa kàn wọ́n, kí wọ́n fi àjà yẹn háyà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

“Ilé ẹ ni kí n fi háyà?” Abu Mutasim wí. “Ìwọ ni mo kọ́ ọ fún.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí rí bóyá mo fẹ́ ẹ. Wasfi náà, ẹ ò bi í. Kò sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín nínú wa.”

“Ẹnì kan tọrọ ẹ̀,” bàbá rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

“Ta ni?”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ. Nígbà tọ́kọ ẹ̀ kú. Ó ní kí n jẹ́ kóun wà ní àjà tìẹ.”

Mutasim sún mọ́ fóònù. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà yẹn tí Inṣira wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀rinrin, tí ara Yazan ò yá, ó ti tọrọ àjà òkè? Wọ́n sọ fún òun nígbà náà pé Inṣira fúnra rẹ̀ ló ní ìsàlẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Abu Mutasim ní òun lòun sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Mutasim fi ọwọ́ bo ojú.

“Ẹ ò ṣe bi mí, Bàbá?” ó wí. “Ǹ bá ti ní kẹ́ ẹ fún un. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti ní kẹ́ ẹ fún un.”

Abu Mutasim gbé fóònù náà lé orí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé. Ohùn ọmọ rẹ̀ ṣì ń pè é láti abẹ́ rẹ̀, Bàbá, Bàbá. Ó ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, tó ń so ìdì aṣọ tó kẹ́yìn, kò sì rí ohun tó fẹ́ wọlé lọ sọ fún un.